Ojú Àwọ̀n Kan

Òwúrọ̀ Àlàmísì, ní Pápá, ní Ẹ̀pẹ́.
Bàbá mi jókòó sẹ́bàá ọ̀sà,
abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ ọ̀tún,
pẹlẹbẹ ọparun lọ́wọ́ òsì,
ẹ̀dà èyí tí bàbá tirẹ̀ gé ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta
tí gbogbo ojú àwọ̀n ilé wa fi dọ́gba.
Kì í gbé ojúlówó lọ sódò.
Ó ní bó bá bọ́ sómi, a ti tán.
Ẹ̀dà ló ń bá ọkọ̀ lọ.
Ojúlówó wà lókè àjà, nínú àpò ìrẹsì.

Sùnmọ́nù ò mọ ìwé.
Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kánsù.
Àmọ́ èmi tí mo ń wo ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ìjọba
mo mọ ohun tí n ò tíì rí ẹnu sọ fún un:
ìwé wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀,
ìwé wà níbi tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́
sára okùn méjì tó lọ́ mọ́ra wọn;
bí a bá nà án tán, á ga ju bàbá lọ,
síbẹ̀ ó ká jọ sínú ohun tí ojú ò lè rí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà.
Sẹ́ẹ̀lì ojú ṣí ewé tirẹ̀, ó pa ìyókù dé.
Ti ẹ̀dọ̀ ṣí òmíràn.
Bí iṣẹ́ bá dé láti ìta,
wọ́n á da ewé kan kọ, wọ́n á fi rán àwọn tó ń hun ara.
Ojúlówó kì í lọ sódò.

Léṣìí, ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ya bàbá níka.
Mo fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ náà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀,
"Ara á rántí ara rẹ̀."
Kò pẹ́ kò jìnnà, ìlà ìka ti padà sójú ìlà,
bí ẹni pé ẹnìkan fi ọparun wọ̀n ọ́n.

Mùíbátù ńkọ́?
Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Bí bàbá bá ta kókó kan ṣì,
àtàǹpàkò á kọjá lórí rẹ̀, á dúró, á padà.
Á tú u. Kì í wò ó.
Sẹ́ẹ̀lì náà ní àtàǹpàkò:
bó ti ń da ìwé kọ ló ń fọwọ́ pa á wò.
Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́.
Lẹ́tà kan bọ́ mọ́ baba ńlá kan lọ́wọ́, a ò mọ orúkọ rẹ̀.
Ẹyọ kan rẹ̀ ò pani, kódà ó ń lé ibà sẹ́yìn.
Ẹyọ kan wà lára bàbá.
Ẹyọ kan wà lára ìyá.
Méjèèjì pàdé lára àbúrò mi.

Mo rí i lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá:
ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto, ó tẹ̀ bíi dòjé.
Sẹ́ẹ̀lì pupa ti da ìwé tirẹ̀ nù látinú mùdùnmúdùn
kó lè ráyè ru afẹ́fẹ́;
kò ní ibi tí yóò ti yẹ ara rẹ̀ wò mọ́.
Ohun tí wọ́n kà fún un kẹ́yìn ló ń jẹ́.
Fòníkú-fọ̀ladìde, báyìí làwọn àgbà ń pè é.
Ọdún mọ́kànlá ni Mùíbátù fi ń dìde.
Ọ̀la kan mọ́, kò dìde.

Ìyá wa ní ọwọ́ aráyé ni. Bàbá ò fọhùn.
Lónìí mo jókòó tì í, mo ní,
"Bàbá, kókó kan ṣoṣo ni,
nínú àwọ̀n tó fẹ̀ tó ọ̀sà yìí."
Abẹ́rẹ́ dúró.
"Ta ló ta á?"
Mo ní kò sẹ́nìkan. Ọwọ́ ló yọ̀.
Ó wo omi títí ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan fi kọjá.
Ó gbé ọparun sókè sójú oòrùn:
"Èyí tí mo gé yìí, ó fi bíńtín tóbi ju ti bàbá mi lọ.
Mo mọ̀, ó ti pẹ́. Ẹja wẹ́wẹ́ ń bá a jáde."
Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta.
Àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá lórí kókó,
ó dúró,
ó padà.